Táńkì tó ń jò, kó tó di táńkì tó ń jó

Ọkọ̀ náà kò tíì dúró tán tí òórùn epo bẹntiróò fi wọ inú ṣọ́ọ̀bù wa. Toyota Corolla ọdún 2000 ni, aláwọ̀ eérú, ọwọ́ màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló sì ti wà láti bí ọdún mọ́kànlá. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, òjò sì ń rọ̀ lemọ́lemọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ọmọkùnrin màmá ló wa ọkọ̀ wá. Màmá fúnra wọn jókòó sẹ́yìn, wọ́n fi ìborùn bo imú.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Táńkì yín ń jò." Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ rárá.

"Ó ń jò, ọmọ mi. Èdè Yorùbá ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, mo mọ ìyàtọ̀ jò àti jó. Jò la ṣì wà. Má jẹ́ kó dé jó."

Mo ní kí ọmọkùnrin wọn pa ọkọ̀, kó má sì tún tan án mọ́. Ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti gbé agbada kaná, iná igi wọn sì ń jó dáadáa. Àwa mẹ́rin la ti ọkọ̀ náà dé òpin ọgbà, níbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa gbé òórùn rẹ̀ lọ sí pápá dípò ẹnu iná. Mo tún lọ bẹ ìyá náà pé kí wọ́n pa iná fún wa fúngbà díẹ̀, mo sì ra gbogbo àkàrà tó wà lórí àtẹ kí ọjà ọjọ́ náà má bàa bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Aránṣọ tó wà lójúde náà pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Àwọn kan rò pé mo ń ṣe àṣejù. Epo tó ń kán sílẹ̀ gan-an kọ́ ló ń gbiná, atẹ́gùn tó ń ti ara epo náà jáde ni, ohun tí imú ń gbọ́ tí ojú kì í rí. Atẹ́gùn yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, nítorí náà kì í gòkè bí èéfín. Ńṣe ló ń rá palẹ̀, tó ń wá ibi tó lọ sílẹ̀ jù bí àgbàrá ṣe ń wá gọ́tà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ọkọ̀ náà sún mọ́ kòtò tí a fi ń ṣiṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀. Tí atẹ́gùn epo bá kún kòtò, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní ibi tó máa sá gbà.

Kí màmá tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọkọ̀ náà ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ fi ọṣẹ ìfọṣọ pa ojú ibi tó rí pé ó tutù. Mi ò bú u, gbogbo wa la ti fi ọṣẹ dí táńkì rí lójú ọ̀nà. Epo kì í yọ́ ọṣẹ, ìyẹn ló fi ń di ihò mú. Ṣùgbọ́n omi ń yọ́ ọ, òjò la sì wà yìí. Ẹni kejì po gọ́ọ̀mù oníméjì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ táńkì bí ìgbà tí wọ́n ń lẹ ìkòkò. Ó jò síbẹ̀. Ẹni kẹta ní kí wọ́n gbé e fún wẹ́dà, pé kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀rù ba màmá, wọ́n sì gbé ọkọ̀ wọn kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀rù yẹn ló gbà wọ́n là. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe gbé táńkì ọkọ̀ akérò kan fún wẹ́dà. Ọ̀sẹ̀ kan ni táńkì ọ̀hún ti wà nílẹ̀ láìní epo nínú. Wọ́n dà á dorí kodò, ẹ̀kán kan kò kán. Bí iná ṣe kàn án, ó dún bí ìbọn ìbílẹ̀, ìdí táńkì sì fò kọjá orílé wa. Wẹ́dà náà kò kú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́ títí dòní. Táńkì tó kún fún epo dẹ́dẹ́ kò léwu tó èyí tí wọ́n ní ó ṣófo. Bí atẹ́gùn epo bá ti tó ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú táńkì, tí kò sì ju nǹkan bí 7.6 lọ, ìbúgbàù ni ó ń dúró dè. Táńkì Corolla yìí gba lítà 50. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: epo tí kò tó ṣíbí tíì kan, tó bá ti gbẹ di atẹ́gùn nínú rẹ̀, ó ti tó. Ta ni ó lè da táńkì dorí kodò kó búra pé kò ku ṣíbí kan nínú kọ̀rọ̀ rẹ̀?

Nígbà tí a ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbi tó dára tán ni mo wá jókòó ti màmá, tí mo ní kí wọ́n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi.

"Bí mo bá ra epo ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, kì í jò. Ọjọ́ Sátidé tí ọmọ yìí ra epo kún un nítorí ìkómọ tí a fẹ́ lọ ṣe ní Ìlọrin ló jò. Ó sì jò dé ibì kan, ó dá dúró fúnra rẹ̀. Mo sọ fún àwọn tó kọ́kọ́ wò ó, wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀."

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti sọ ìdajì àìsàn náà fún mi. Ihò tó bá wà ní ìdí táńkì máa jò ní gbogbo ìgbà. Ihò tó bá ń dúró de ìgbà tí epo bá pọ̀, òkè ló wà, ìsàlẹ̀ tí gọ́ọ̀mù wà kọ́. Kò sì yà mí lẹ́nu pé ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di 617 ní oṣù Keje ọdún náà, ó sì ti ju 1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Ta ló ń ra epo kún táńkì mọ́? Ẹgbẹ̀rún márùn-ún màmá kò ju bíi lítà márùn-ún lọ nínú táńkì lítà 50. Ihò lè ti wà lókè fún ọdún méjì kí epo má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun mìíràn tún ni pé táńkì onírin tó bá ń ṣófo nígbà gbogbo, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin ló ń kún ibi tí epo kò sí. Tí ilẹ̀ bá tutù lóru, ọ̀rinrin yẹn á sẹ̀ bí ìrì mọ́ ara irin. Owó epo tó wọ́n ń dá ìpáàrà sílẹ̀ nínú táńkì, mo sì ti ń rí i nínú ọkọ̀ àgbà tó ju ti màmá lọ.

A yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. A fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, a fi irin ìdúró sí i lábẹ́, torí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ni mo lò, ibi tó jìnnà ni mo sì ti tàn án kí n tó mú un sún mọ́ ọkọ̀. Gílóòbù tí wọ́n ń fi wáyà so kọ́ abẹ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dé ibi iṣẹ́ yìí. Bó bá bọ́ tó fọ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Gọ́ọ̀mù náà rèé lóòótọ́, ní etí ìsàlẹ̀ táńkì lápá ẹ̀yìn, epo sì ń kóra jọ sí ẹnu rẹ̀, ó ń kán. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á ní ibẹ̀ ni. Mo nu gbogbo rẹ̀ gbẹ pẹ̀lú àkísà, mo sì bu páúdà ọmọdé sí àtẹ́lẹwọ́, mo fẹ́ ẹ mọ́ ara táńkì títí tó fi funfun bí ẹni tó kun ẹfun. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi yọ lára ìfunfun náà. Abẹ́ ọ̀já irin ló ti jáde, ní ẹ̀gbẹ́, ó tọ ara ọ̀já náà wálẹ̀, ó yí gba ìdí táńkì, ó wá dé ẹnu gọ́ọ̀mù. Ibi tó ti ń jò àti ibi tó ti ń kán jìnnà síra wọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Kí n ṣàlàyé ọ̀já yìí. Ọ̀já irin méjì ló gbé táńkì náà pọ̀n mọ́ abẹ́ ọkọ̀ bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Rọ́bà pẹlẹbẹ ló yẹ kó wà láàárín irin àti irin. Tí rọ́bà bá já dànù, ọ̀já á máa họ ọ̀dà lára táńkì díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gbogbo gálọ́ọ̀pù tí ọkọ̀ bá bọ́ sí, ẹrẹ̀ á sì wọ àárín wọn, kò ní gbẹ bọ̀rọ̀ kódà lọ́gbẹlẹ̀.

Àga ẹ̀yìn la tú láti dé orí táńkì, torí ìdérí pọ́ọ̀ǹpù epo wà lábẹ́ rẹ̀ nínú Corolla yìí. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ti fẹ́ fi ọ̀bẹ já páìpù epo, mo gbá a lọ́wọ́ mú. Epo inú páìpù yẹn wà lábẹ́ agbára 44 sí 50 psi, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, ó ju agbára tó wà nínú táyà ọkọ̀ náà lọ. Àkísà la fi wé ojú ìsopọ̀ rẹ̀, a tú u ní pẹ̀lẹ́, ó sì sín sínú àkísà dípò ojú wa. Pọ́ọ̀ǹpù ọlọ́wọ́ la fi fa epo jáde sínú kẹ́ẹ̀gì tó dúró lórí ilẹ̀. Mo ti fòfin de fífi ẹnu fa epo ní ṣọ́ọ̀bù mi, torí epo tó bá ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró kò ṣe é wẹ̀ jáde. Lítà 34 ló jáde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi han màmá: ibi tí jíjò ti dúró nìyẹn, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta táńkì. Ihò wa kò lè wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Nọ́ọ̀tì ọ̀já ló fìyà jẹ wá jù. Wọ́n ti dógùn-ún di ẹyọ kan pẹ̀lú bọ́lùtù. Lára ọkọ̀ mìíràn, iná gáàsì ni à bá fi yọ́ wọn. Níbí, sùúrù nìkan ló kù. Mo fọ́n ọ́ìlì sí wọn nírọ̀lẹ́, mo tún fọ́n ọn láàárọ̀, mo ń fi sípánà yí i síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń tan ọmọ jẹun. Ọ̀kan jáde. Ọ̀kan ṣẹ́. A gbé táńkì sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Mo fi súkúdíráfà ha ẹrẹ̀ abẹ́ ọ̀já kúrò. Rọ́bà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú irin ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ó rí wúruwùru, mo sì rí ihò mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn, wọn kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nọ́ńbà ṣáṣì ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, ìyẹn ni pé Kánádà ni wọ́n ti tò ó. Ní àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ abẹ́ ọkọ̀ bí ikán. Bí ìpáàrà ṣe bo bọ́lùtù àti sáyẹ́lẹ́ńsà rẹ̀ mú kí n gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti lò ó kó tó di tòkunbọ̀.

Mo lọ sí Àràrọ̀mí ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀, bóyá màá rí táńkì àlòkù tó sàn ju èyí lọ. Méjì ni mo yẹ̀ wò. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun ọ̀kan títí tó fi ń dán. Mo fi èékánná ha etí rẹ̀, páálí gọ́ọ̀mù ṣí sí mi lọ́wọ́. Èkejì, mo mì í, ìpáàrà dún nínú rẹ̀ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo padà sílé. Mo fi igi òòlù lu táńkì màmá kiri, ó ń dún gbanran níbi gbogbo àfi abẹ́ ọ̀já yẹn nìkan. Mo fi dígí tan oòrùn sínú rẹ̀, mo rí àwọ̀ ìpáàrà díẹ̀ lókè, kò tíì máa ya. Ká ní inú rẹ̀ ti ń ya, ǹ bá ní kí màmá wá òmíràn ohun yòówù kó ná wọn, torí ìpáàrà yẹn máa pa pọ́ọ̀ǹpù, ihò tuntun á sì máa lu lọ́dọọdún. Eléyìí ṣe é tún ṣe.

Fífọ̀ ni iṣẹ́ náà gan-an. Omi gbígbóná àti ọṣẹ oníyẹ̀fun, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n kékeré kan tí a jù sínú rẹ̀ láti máa ha á. A mì í, a dà á nù, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. A fi sínú oòrùn odidi ọjọ́ kan, gbogbo ojú rẹ̀ ní ṣíṣí. Nírọ̀lẹ́ mo gbé imú sí i, òórùn ṣì wà níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà a tún fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí la dí gbogbo ojú rẹ̀, a fi pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, a sì ta omi ọṣẹ sí i lára. Ẹ má fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣe èyí, á wú táńkì bí bàlúùnù. Ihò mẹ́ta náà hó yàà.

Mi ò gbé e fún wẹ́dà. Bàbá kan tó ń ṣe rẹ́díétọ̀ ni mo gbé e fún, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí fífi òjé lẹ irin. Bàbá ha ojú ibẹ̀ títí irin fi funfun, wọ́n gé páànù tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, wọ́n fi ásíìdì pa ojú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ omi kún táńkì. Wọ́n dà á gẹ̀ẹ́rẹ́ kí ibi tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ lè jẹ́ òkè pátápátá, kí omi sì dúró ní bí ìka méjì sí i. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ kò ju ife kan lọ. Tí omi bá kan ojú ibẹ̀ gan-an, irin kò ní gbóná, òjé kò sì ní mú. Tí omi bá lọ sílẹ̀ jù, a ti fún atẹ́gùn epo láyè. Ìka méjì yẹn ni ọgbọ́n wà. Iná tí wọ́n ń ti irin sí wà lẹ́yìn ògiri. Irin gbígbóná nìkan ni wọ́n ń gbé wá sídìí táńkì. Òjé yọ́, ó sì ṣàn bí oyin yí etí páànù náà ká. Bàbá kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi parí.

A fọ ásíìdì kúrò pẹ̀lú omi àti kẹ́míkà sódà, torí bó bá ṣẹ́kù, òun náà á jẹ irin. A wá rọ omi kún táńkì dé ẹnu, a gbé e lé orí páálí mọ́jú. Láàárọ̀, ojú kan tutù lórí páálí náà, kò ju owó kọ́bọ̀ lọ. Àlẹ̀mọ́ bàbá gbẹ. Abẹ́ ọ̀já kejì ni, níbi tí mo ti ha ìpáàrà lóde lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo ti ṣí ihò tí ìpáàrà fi dí ara rẹ̀. Ó dùn mí, torí omi ọṣẹ ti kọjá lórí ibẹ̀ kí n tó ha á, mi ò sì tún un wò lẹ́yìn náà. A padà sọ́dọ̀ bàbá. Àgbà náà kò gba owó kejì lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí omi dúró ní òru méjì tí páálí kò tutù, a gbẹ táńkì, a fi lítà epo kan ṣàn án, a da ìyẹn nù. Mo fi ọ̀dà pupa tó ń lé ìpáàrà kùn ún, mo fi dúdú lé e. Mo gé rọ́bà tuntun láti ara túùbù táyà, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pinpin sínú ọ̀já méjèèjì kí ẹrẹ̀ má ríbi wọ̀. Mo fọ àsẹ́ ẹsẹ̀ pọ́ọ̀ǹpù, mo fi òrùka rọ́bà tuntun sí ìdérí rẹ̀, torí ti àtijọ́ ti wú, kò lè jókòó dáadáa mọ́.

Màmá wá lọ́jọ́ kẹfà. Mo ní kí a da lítà 34 wọn padà, kí a sì lọ ra èyí tó máa kún un, torí táńkì tó ń jò lókè, ẹ̀kún nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀. Wọ́n ṣe ojú bí ẹni tó ń ka owó lọ́kàn.

"Ọmọ mi, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Màmá, bó bá jò, èmi ni màá san owó epo náà."

A kún un. Mo tẹ́ páálí funfun kan sábẹ́ ọkọ̀, mo fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì tún fẹ́ páúdà mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì. Òjò kò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ní aago mẹ́fà ìdájí, màmá ti dé, wọ́n ṣẹ́ ìró sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ra páálí náà láti igun kan dé èkejì, wọ́n gbé ọwọ́ sí imú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ sí mi kí èmi náà gbọ́ ọ. Páúdà nìkan ló ń rùn.

Ìyá alákàrà ti dá iná wọn.